Òkè Ìdànrè: Ohun Tó Yẹ Kí N Ti Béèrè Ká Tó Gbéra

Àwa tí à ń gbé Ọ̀rẹ̀, ìrìn àjò kì í bà wá lẹ́rù. Etí títì márosẹ̀ la ti ń tajà, ariwo ọkọ̀ ló ń jí wa láàárọ̀, ọ̀dọ̀ wa sì ni àwọn tó ń ti Èkó lọ sí Bìní àti ìhà ìlà-oòrùn ti ń sọ̀ kalẹ̀ jẹun tọ̀sán-tòru. Bí ènìyàn bá dúró ní oríta Ọ̀rẹ̀, ọ̀nà kan lọ sí Òkìtìpupa, òmíràn gba Òdìgbò lọ sí Oǹdó. Ọkọ̀ kò wọ́n wa, ọ̀nà kò sì ṣàjèjì sí wa. Ìdí nìyí tí mo fi gbà tẹ́lẹ̀ pé bí owó ọkọ̀ bá ti pé, ètò ìrìn àjò ti parí. Òkè Ìdànrè ló yí èrò yẹn padà lọ́kàn mi. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń gbèrò àtilọ síbẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kó má baà jẹ́ pé orí àtẹ̀gùn ni yóò ti kọ́ ọ bí mo ṣe kọ́ ọ.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Ọ̀rẹ̀. Lọ́dún kan, ẹgbẹ́ ní kí a jọ jáde lọ najú. Àwọn kan fẹ́ etíkun, àwọn kan ní àpáta Olúmọ làwọn fẹ́. Ìyàwó kan láàárín wa tó fẹ́ràn fíìmù Íńdíà ló sọ pé ìlú orí òkè ni ká wá lọ, irú ibi tí kùrukùru ti ń bolẹ̀ láàárọ̀, tí àwọn ènìyàn ti ń wọ súwẹ́tà mu tíì gbígbóná. Ọ̀rọ̀ náà wọ gbogbo wa lára. Ẹnu gbogbo ẹgbẹ́ kò lórí Ìdànrè, nítorí ìpínlẹ̀ wa ló wà, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì tíì débẹ̀ rí. Wọ́n ní kí akọ̀wé lọ ṣètò.

Mo ṣètò lóòótọ́. Mo bá ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀, mo gba owó jọ, mo ní kí wọ́n se ìrẹsì àti ẹran, mo ra omi inú ọ̀rá kún kúlà ńlá, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé tí mo pín pé kí kálukú mú súwẹ́tà dání. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta ni mo mú, torí pé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba inú wa yóò ti wọlé. Lójú ìwé, kò sí ohun tó kù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni kò sí nínú ìwé yẹn, oògùn tí ẹnikẹ́ni ń lò kò sí níbẹ̀, n kò sì bi ẹnì kan ṣoṣo léèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ fojú hàn kí a tó kúrò nílé. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù ni ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká. Láti ayé ìjọba ológun ni a ti mọ̀ ọ́n: àfi kí aago mẹ́wàá lù kí ọkọ̀ tó rìn. Ó bọ́ lọ́kàn mi pátápátá. A jókòó sínú ọkọ̀ ní Ọ̀rẹ̀ títí agara fi dá wa, àwọn tó ti jí láago mẹ́rin láti dáná sì ń tòògbé lórí ìjókòó. Ìgbà tí a fi máa kọjá Òdìgbò, oòrùn ti mú. Láti Ọ̀rẹ̀ dé Oǹdó, láti Oǹdó dé Àkúrẹ́, kí a tó wá yà sí Ìdànrè tó jìnnà sí Àkúrẹ́ ní nǹkan bíi kìlómítà 24, kí ènìyàn fi wákàtí mẹ́ta sọ́kàn bí ọ̀nà bá dára. Bí a ṣe ń sún mọ́ ọn ni àwọn òkè náà ń yọ, òkúta ràgàjì-ràgàjì tó dìde láàárín oko kòkó àti igbó. Orin bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọ̀sán gangan la dé ẹsẹ̀ òkè.

Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ti lé lẹ́ni ọdún 65. Ó wọ ìró àti bùbá, ó wé gèlè, bàtà aláwọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó dúró síbi tí àtẹ̀gùn ti bẹ̀rẹ̀, ó gbójú sókè. Àtẹ̀gùn ọ̀hún lé ní 600, ó ń lọ sókè títí igi fi bò ó mọ́ ènìyàn lójú. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Akọ̀wé, ṣé mo lè gùn ún báyìí?"

Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi béèrè. Ó mọ ohun kan nípa ara rẹ̀ tí kò fẹ́ sọ láàárín èrò. Ká ní mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà yẹn ni, ká ní mo sọ pé, "Màmá, báwo lara yín? Ṣé ẹ ti jẹun? Oògùn wo lẹ ń lò?", nǹkan ì bá yàtọ̀. Aago ló wà lọ́kàn mi. Owó tí wọ́n ti san ló wà lọ́kàn mi, àti ìbẹ̀rù pé bí ẹnì kan bá lóun ò lọ, àwọn mìíràn yóò tẹ̀ lé e, ètò mi yóò sì fọ́. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo ní, "Màmá, ẹ máa bọ̀ jàre. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà." Ó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ nítorí èmi ni mo ṣètò ìrìn náà. Ó káṣọ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún.

Àwọn ọ̀dọ́ gbé kúlà omi, wọ́n ti ṣíwájú. Èmi àti àwọn àgbà ń bọ̀ lẹ́yìn. Òkúta Ìdànrè, bí oòrùn bá ti ń pa á láti àárọ̀, ooru á máa ti abẹ́ wá, á sì máa ti òkè wá. Irin tí a ń dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn gbóná débi pé etí ìró ni Màmá fi wé ọwọ́ kó tó lè gbá a mú. Ó kọ́kọ́ ń bá wa sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ibi ìsinmi àkọ́kọ́, ó dákẹ́. Kí a tó dé èkejì, mo wẹ̀yìn wò, mo rí i tó fara ti irin, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ètè rẹ̀ ti gbẹ, òógùn tó ń ṣàn lójú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ṣàn mọ́. Ó ní òòyì ń kọ́ òun. Ó ní kí a fún òun lómi. Omi ti lọ sókè.

Ìgbà yẹn ni mo tó béèrè oògùn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a fínra láti ọjọ́ pípẹ́, oògùn rẹ̀ sì wà nínú báàgì nísàlẹ̀, nínú ọkọ̀. Kò tíì jẹun láti òwúrọ̀, nítorí èmi fúnra mi ni mo sọ fún wọn pé orí òkè la ó ti jẹun. Ọmọbìnrin kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àwọn tirẹ̀, tí a kò mọ̀ rí, ló yà sọ́dọ̀ wa. Ó mú Màmá lọ sí abẹ́ ìbòòji, ó tú gèlè rẹ̀, ó da omi ìgò tirẹ̀ sí i, ó fi ń nu ọrùn àti abíyá rẹ̀, ó sì ń fún un lómi mu ní ẹnu kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló sọ pé nọ́ọ̀sì lòun. Súwẹ́tà Màmá ni mo dì mú ní gbogbo ìgbà yẹn.

Nígbà tí ojú rẹ̀ là díẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í mú un sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan lórí irin, èkejì léjìká mi. Kò pẹ́ tí a dé ìsàlẹ̀ ni ìjì dé. Oṣù Kẹta ni: ọ̀sán rẹ̀ ń jóni, ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ sì lè mú òjò àkọ́rọ̀ wá pẹ̀lú ẹ̀fúùfù. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lókè kò tíì rìn jìnnà nínú ìlú àtijọ́ tó wà lórí òkè náà tí òjò fi lé wọn padà. Òkúta tó gbóná lọ́sàn-án wá ń yọ̀. Ọmọbìnrin kan ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó. Inú ọkọ̀ la ti jẹ ìrẹsì, òru la sì fi wọ Ọ̀rẹ̀.

Màmá kò sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí a dé Òdìgbò, ó fọwọ́ kàn mí, ó ní, "Akọ̀wé, mi ò bínú o. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi ọ́ léèrè, ó yẹ kí ìwọ náà bi mí léèrè." N kò rí èsì fún un. Títí di òní, n kò mọ ọ̀rọ̀ tó tóbi jù ú lọ nípa ètò ìrìn àjò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó jókòó kẹ́kọ̀ọ́ nípa òkè, ohun tó yẹ kí n ti ṣe ṣáájú. Òkè tí ìyàwó yẹn ń rí nínú fíìmù, ti Himalaya ni. Shimla àti Darjeeling ní Íńdíà ga ju mítà 2,000 lọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso Íńdíà ló sọ wọ́n di ibi ìsinmi, nítorí ooru ìsàlẹ̀ ń pa wọ́n lára; nígbà tó di ọdún 1864, wọ́n sọ Shimla di olú-ìlú ìjọba wọn fún àkókò ooru. Wọ́n la ọ̀nà gba inú òkè, wọ́n sì ṣe ojú irin dé orí rẹ̀, ti Darjeeling ní ọdún 1881, ti Shimla ní ọdún 1903. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, èyí tó jọ wọ́n jù ni Obudu ní Ìpínlẹ̀ Cross River, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1951 fún sísin màlúù. Ó ga tó nǹkan bíi mítà 1,600, ọkọ̀ sì ń gùn ún dé òkè. Ní irú àwọn ibi wọ̀nyẹn, ọkọ̀ tàbí ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé àlejò dé ibi tó ń lọ, òtútù ni yóò sì kọ́kọ́ múra sílẹ̀ dè.

Ìdànrè kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá fi mítà 1,000 gòkè, atẹ́gùn á fi nǹkan bíi dígírì 6 tutù sí i. Ẹni tó ti ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ọ̀rẹ̀ dé Shimla yóò nílò súwẹ́tà lóòótọ́. Òkè Ìdànrè kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3,000, ìyẹn mítà 900 àti díẹ̀. Òwúrọ̀ rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, ooru òkúta á borí ìtura tí gíga rẹ̀ mú wá. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò fúyẹ́ débi tí yóò dá àìsàn sílẹ̀. Àìsàn òkè gíga kì í sábà mú ènìyàn àfi tó bá kọjá nǹkan bíi mítà 2,500. Ohun tó ń gbé ènìyàn ṣubú ní Ìdànrè ni ooru, òùngbẹ, ebi, àti ọkàn tí agbára rẹ̀ ti dín kù. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ènìyàn lè béèrè nípa wọn kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ohun kejì tí mo kọ́ ni ìdí tí ọ̀nà ọ̀hún fi le. Wọn kò tẹ ìlú Ìdànrè àtijọ́ dó fún àlejò tó fẹ́ gbatẹ́gùn. Ààbò ni àwọn baba ńlá àwọn ará Ìdànrè wá lọ síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe rí ààbò lábẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830. Ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀tá dé ọ̀dọ̀ òun kì í la ọ̀nà tó rọrùn. Wọ́n gbé orí òkè yẹn fún ọ̀pọ̀ ìran, títí di nǹkan bí ọdún 1923 tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀. Wọn kò sì gbàgbé ibẹ̀. Ọdún ìbílẹ̀ ṣì ń mú wọn padà gòkè. Ní ọdún 2007, Nàìjíríà fi Òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ẹni tó bá mọ èyí kí ó tó lọ yóò mọ̀ pé ìlú àwọn ènìyàn lòun ń lọ kí, yóò sì fún un ní àkókò tó tọ́ sí i. Èmi ti kà á sí ibi fàájì ìrọ̀lẹ́ kan.

Ẹgbẹ́ wa padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ìbéèrè ni a fi bẹ̀rẹ̀. Mo lọ bá ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìsọ̀ rẹ̀ tàbí nílé rẹ̀, mo bi í ní ìdákọ́ńkọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ fée, orúnkún àti ẹ̀yìn. Ìyàlẹ́nu ni ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ bí etí kejì kò bá sí níbẹ̀. Ọkùnrin kan tí mo rò pé òun ló lágbára jù nínú wa sọ fún mi pé dókítà ti ní kó má ṣe gun àtẹ̀gùn púpọ̀. Ká ní àárín ìpàdé ni mo ti béèrè, kò ní sọ ọ́. A ní kí nọ́ọ̀sì kan wọn ẹ̀jẹ̀ ríru gbogbo ẹni tó fẹ́ lọ. A yan oṣù Kọkànlá, ìgbà tí òjò ti ń lọ, tí ọyẹ́ kò sì tíì fi eruku bo ojú ọ̀run. A lọ sùn sí Ìdànrè lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ẹsẹ̀ lè bọ́ sórí àtẹ̀gùn kí oòrùn tó yọ dáadáa.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé a ṣe ètò fún ẹni tí kò ní gùn ún. Bí kò bá sí ètò fún un, ojú yóò ti àgbà láti sọ pé òun dúró, yóò sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu. A gba ibi tó ní ìbòòji nísàlẹ̀, àga wà níbẹ̀, oúnjẹ wà, ẹnì kan nínú àwọn ọ̀dọ́ sì bá wọn jókòó. Màmá sọ fúnra rẹ̀ pé ibi ìsinmi àkọ́kọ́ lòun fẹ́ dé. Ó jẹun, ó lo oògùn rẹ̀, ó wọ kánfáàsì. Ó gùn ún dé ibẹ̀, ó jókòó, ó wo òrùlé ilé Ìdànrè nísàlẹ̀ tí ìrì àárọ̀ ṣì wà lórí wọn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì padà sísàlẹ̀ nígbà tó wù ú.

Àwa tó dé òkè rí ohun tí ìkánjú ti fi dù wá. A rí ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, ilé alámọ̀ tó ní àgbàlá, pẹ̀lú àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ ère ènìyàn sí lára. Ọ̀kan nínú àwọn ère yẹn, òjò àti ọdún ti jẹ ojú rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ìlà ọwọ́ tí agbẹ́gilére fi ọ̀bẹ yọ ṣì hàn gbangba. N kò lè kúrò níwájú rẹ̀ bọ̀rọ̀. A rí kóòtù àtijọ́. A rí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1896, mo sì ro àwọn ọmọ tó ń kọ́ lẹ́tà a-b-d lórí òkè yẹn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tó wà lẹ́bàá ọ̀nà lónìí kò tíì ní ilé ìwé kankan. Ọmọkùnrin tó ń mú wa kiri fi ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ti Agbóògùn hàn wá lára òkúta, ó sọ ìtàn tí wọ́n ń sọ pé ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn ló ń bá a mu, bó ti wù kó tóbi tàbí kó kéré, àyàfi ti àjẹ́. Ó ní kí a má fọwọ́ kan nǹkan ní àwọn ibojì, kí a sì béèrè kí a tó ya fọ́tò níbi ojúbọ. A ṣe bí ó ti wí. A ti sọ̀ kalẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ohun tí mo lè gbà yín níyànjú kò pọ̀. Ẹ má yan Sátidé ìmọ́tótó. Bí ẹ bá fẹ́ bá ọdún ìbílẹ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní Ọrọ̀sùn pé, oṣù Karùn-ún ni, ẹ sì múra sílẹ̀ fún èrò àti òjò. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé omi tirẹ̀ lọ́wọ́. Omi tó wà nínú kúlà kan ṣoṣo, ọwọ́ ẹni tó yára jù ni yóò wà. Kí oògùn wà lára ẹni tó ni ín. Ẹ jẹun kí ẹ tó gùn ún. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀. Ẹni tó lọ́ra jù ni kí ó máa ṣíwájú, kí àwọn ọ̀dọ́ máa tẹ̀ lé e, kí ẹnikẹ́ni má baà máa forí tì í lẹ́yìn. Bí òjò bá ṣú, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ì báà kù díẹ̀ kí ẹ dé ààfin.

Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ̀yin olórí ọ̀dọ́ ìjọ, ẹ̀yin ọmọ tó fẹ́ kó òbí yín lọ najú, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀. Ẹ lọ bi àwọn ènìyàn yín léèrè ara wọn kí ẹ tó gba owó wọn, kí ẹ sì béèrè ní ìdákọ́ńkọ́. Owó tó bá ṣòfò, ẹgbẹ́ lè dá òmíràn. Ẹ̀mí ìyá wa, ojú ọmọbìnrin kan tí a kò mọ̀ rí ni Ọlọ́run fi ṣọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fi irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ ṣe ètò.